Bíìmù Méjì Lójú Omi Ajégúnlẹ̀

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo mú ìyá mi wá sí Ajégúnlẹ̀ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ gbẹ, atẹ́gùn tó ń ti orí odò bọ̀ tutù, ìyá mi sì sọ pé àyà àwọn fúyẹ́ ju bó ṣe máa ń rí ní Mùṣín lọ. Ikọ́ fée ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, ó ti pẹ́ lára wọn. Èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tiwa ni, ilé tí a ò tíì rẹ́, tó jẹ́ pé páànù la fi dí fèrèsé yàrá kejì. Owó ilé ní Kétu ló lé wa débẹ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún wa búra pé omi kì í débẹ̀.

Omi dé lọ́dún yẹn gan-an. Kánáàlì kan ló wà láàárín àdúgbò wa àti ọ̀nà tó já sí títì Ìkòròdú, afárá pákó tí àwọn lánlọ́ọ̀dù kàn sórí rẹ̀ sì ni gbogbo wa ń gbà. Nígbà tí odò kún, omi gbé afárá náà lọ tòun tòpó. Kò pẹ́ sí i ni ikọ́ gbé ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkọ mi yọ ilẹ̀kùn balùwẹ̀, a tẹ́ ìyá mi lé e lórí, a sì ń tì í gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ nínú omi tó mu mí dé àyà. Ní àárín ọ̀nà, ojú wọn yí. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo rò pé wọ́n ti lọ. Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní tó bá jẹ́ pé a tún pẹ́ díẹ̀ sí i, òkú là bá gbé wá.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ní ìsinmi mọ́. Tí mo bá wà níbi iṣẹ́ tí òjò ṣú, mo máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù nígbà náà, ọkọ mi nìkan ló ní láàárín wa, torí ọjà rẹ̀. Àlùbọ́sà ló ń tà ní Mile 12. Mo máa ń sáré lọ sídìí agboorun àwọn tó ń ta kọ́ọ̀lù kí n lè bi í pé, "Ṣé o ti délé wò wọ́n?" Ó máa ń dáhùn pé, "Fọkàn balẹ̀," àmọ́ ọkàn tirẹ̀ náà ò balẹ̀.

Ibi iṣẹ́ mi kò jìnnà sílé, lápá Owódé Onírin. Bíìmù kọnkéré tí wọ́n fi ń ṣe afárá là ń ṣe níbẹ̀. Mo kẹ́kọ̀ọ́ íńjíníà ní poli, èmi ni mo sì ń yẹ kọnkéré wò bóyá ó lágbára tó. A máa ń na wáyà irin gbọọrọ sínú àpótí, a ó fi jáàkì fà á títí yóò fi le tantan, a ó wá da kọnkéré bò ó. Tí kọnkéré bá ti gan, a ó gé wáyà náà ní ìkángun méjèèjì. Wáyà á fẹ́ súnkì padà, kọnkéré ò sì ní gbà fún un, ìyẹn ló máa ń fún bíìmù náà pọ̀ tí kì í fi í tètè sán tí ẹrù bá gùn ún.

Ọ̀gá mi, àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ ká máa fi irin ọ̀pá lásán, tí a ò fi jáàkì fà, kún wáyà yẹn. A dá àwọn bíìmù kan tó kéré sí ti afárá mọ́tò fún àyẹ̀wò. Wáyà nìkan la fi sínú àwọn kan, a sì fi irin ọ̀pá kún wáyà nínú àwọn yòókù. A wá ń gbé wọn sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ láàárín.

Mi ò lè gbàgbé ohun tí mo rí. Èyí tó jẹ́ wáyà nìkan dúró gbagidi. A ń fi ẹrù kún un, kò mira, kò tẹ̀, ẹni tó bá ń wò ó á rò pé kò sóhun tó lè ṣe é. Lójijì ló dún gbà! Ó ti di méjì nílẹ̀. Àmọ́ èyí tó ní irin ọ̀pá, ó kọ́kọ́ sán tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó sán níbòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí ìlà wẹ́wẹ́ fi kún abẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀, ojú wa rí i pé ó tẹ̀. Ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Síbẹ̀ kò jábọ́, nígbà tí a sì tú ẹ̀rọ sílẹ̀, ó tún gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀.

Ọ̀gá mi bọ́ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ti àkọ́kọ́ yẹn lágbára o, àmọ́ kò lẹ́nu. Eléyìí á kígbe fún ẹ kó tó lọ."

Méjì ṣẹ́kù nínú àwọn bíìmù náà tí a ò yẹ̀ wò. Wọ́n wà lẹ́yìn ọgbà, inú koríko, òjò sì ti fọ ọ̀dà tí a fi sàmì sí wọn lára dànù. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lára wọn, mo sì mọ̀ pé wọ́n gùn tó láti dé òdìkejì kánáàlì wa. Nígbà tí òjò ọdún kejì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún wa ní bíìmù méjèèjì yẹn. Màámi á kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Wọ́n ní, "Mi ò mọ èyí tó nírin ọ̀pá nínú wọn. Ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ méjèèjì, ó lè má sí ìkankan."

"Ẹsẹ̀ nìkan ló máa gba orí ẹ̀ sà."

"Ẹsẹ̀ nìkan. Kò gbọdọ̀ sí mọ́tò, kò gbọdọ̀ sí ọmọlanke. Ṣé o gbọ́?"

Wọ́n gbà, wọ́n sì tẹ̀ lé wa wá fúnra wọn lọ́jọ́ tí a gbé e. Gbogbo àdúgbò ló jáde. Àwọn ọkùnrin fi páìpù sábẹ́ bíìmù, wọ́n ń yí i lọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú okùn. Nígbà tí èkíní jókòó sórí kánáàlì, Alága àwọn lánlọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀, wọ́n dijú kan, wọ́n wò ó láti ìkángun.

"Íńjíníà, èyí ti wọ́ o. Ẹ̀yìn ẹ̀ ká sókè bí ẹ̀yìn ológbò."

Mo ṣàlàyé pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé wáyà tó wà nínú ikùn rẹ̀ ló ń fà á sókè, tí èèyàn bá ti ń rìn lórí rẹ̀ á tẹ́jú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Alhájì kan ní ká kúkú dojú ẹ̀ bolẹ̀, kí ibi tó yọ sókè náà lè wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá mi tí kì í pariwo, wọ́n pariwo lọ́jọ́ náà.

"Ẹ má dàn án wò! Tí ẹ bá dojú ẹ̀ bolẹ̀, ìwúwo ara ẹ̀ nìkan á tó láti ṣẹ́ ẹ."

A tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a to pákó sí àárín wọn, a sì ri páìpù irin mọ́lẹ̀ ní ìkángun méjèèjì kí nǹkan tó ní táyà má lè kọjá. Ìyá mi fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn kọjá lọ́jọ́ náà. Wọ́n dúró láàárín, wọ́n wo omi, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Fún ìgbà díẹ̀, mo tún ń sùn dáadáa.

Lánlọ́ọ̀dù kan wà lápá ìsàlẹ̀ tó ń kọ́lé lọ́wọ́. Òun la gbà pé ó hú páìpù irin yẹn kí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ lè wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí i, kò sì jẹ́wọ́. Ohun tí èmi rí ni pé lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ti Mile 12 dé tí mo ti sọdá tán, bíríkìlà tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń ti ọmọlanke bọ̀ lẹ́yìn mi lórí afárá, ó di àpò sìmẹ́ǹtì lé e gègèrè. Apá òsì ló gbà. Mo pariwo pé, "Ẹ padà o! Ẹ padà!" Ó gbójú sókè wò mí, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń kí òun ni.

Gbà! Bíìmù òsì di méjì lábẹ́ rẹ̀. Kò dún ṣáájú, kò tẹ̀, kò sán. Ọkùnrin náà àti ọmọlanke àti pákó bọ́ sínú kánáàlì, ọmọlanke sì dà lé e nítan. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, egungun itan rẹ̀ ti yọ síta. Ìyàwó rẹ̀ sáré dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó dì mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Ìwọ lo gbé ikú wá fún wa! Ìwọ ni!"

Kò sẹ́ni tó gbèjà mi. Àwọn tó ń pè mí ní Íńjíníà tẹ́lẹ̀ ń wo ilẹ̀. Alága ò dáhùn nígbà tí mo kí wọn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fi ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún dí ojú bíìmù tó kù, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gùn ún títí wọ́n á fi rí ẹni wó o. Èmi sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lọ wo ibi tí ti òsì ti ṣẹ́. Wáyà nìkan ló yọ síta, ó já bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Kò sí irin ọ̀pá kankan níbẹ̀.

Mo wá wọ abẹ́ ìkejì. Nígbà tí èkejì rẹ̀ já, òun náà gba ìpalára, ó ti tẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín. Mo fi ìka tọ abẹ́ rẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, wọ́n sún mọ́ra, bí ojú àtẹ́lẹwọ́. Mo dúró pẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ gbà pé irin ọ̀pá ló wà nínú rẹ̀ tó ń pín ìlà náà kiri. Àmọ́ mi ò lè rí inú rẹ̀.

Àárín àkókò yẹn ni wọ́n ṣí omi dáàmù sílẹ̀ lókè, tí odò sì kún ju ti ọdún àkọ́kọ́ lọ. Omi yí gbogbo wa ká. Ọ̀nà ẹ̀yìn tí a ti ilẹ̀kùn gbà níjọ́sí ti jìn ju ohun tí èèyàn lè wọ́ kọjá. Ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí ìhà ọ̀dọ̀ wa dé, ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Mo fín ìnhélà, oògùn ikọ́ fée wọn, sí wọn lẹ́nu, mo tún un fín, kò ṣiṣẹ́. Ètè wọn ń dúdú. Wọ́n di apá mi mú, èékánná wọn wọ̀ mí lára.

Ọkọ mi gbé wọn dé etí kánáàlì. Ọlọ́kọ̀ ojú omi kan láti Àgbóyì wà níbẹ̀, ó ti so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó iná. Mo kúnlẹ̀ fún un nínú omi.

"Ẹ gbé wa kọjá, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá mi ni. Mo bẹ̀ yín."

Ó wo ojú omi tó ń sáré gba abẹ́ bíìmù kọjá. Ó wo ìyá mi. Omi wà lójú rẹ̀. "Aunty, ẹ má bínú. Omi yìí máa dà wá nù ni. Ẹ wò ó, inú ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fa ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún yẹn kúrò lójú bíìmù. Àwọn èèyàn ń pariwo mọ́ mi láti ẹ̀yìn. Ọkọ mi dúró tì mí.

"Ṣé ó máa gbà wá?"

"Irin ọ̀pá wà nínú ẹ̀."

"Ṣé o rí i ni?"

"Mi ò rí i. Bó ṣe sán ni mo rí."

Ó wo bíìmù yẹn, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ikùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Pọ̀n wọ́n fún mi." Mo fi ìró mi pọn ìyá mi mọ́ ọn lẹ́yìn bí ẹni pọnmọ, mo so ó le.

Mo ní, "Tó bá ń dún, má dúró, má sì sáré. Dídún ẹ̀ ló dáa. Tó bá dákẹ́ ni kí o bẹ̀rù."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò lè fi ara mi kún ẹrù ẹ̀. Máa lọ."

Ó gùn ún, ó ń sọ Lá iláha ilá Láhù lábẹ́ ẹnu. Èmi kúnlẹ̀, mo gbé etí lé orí bíìmù yẹn. Mo gbọ́ ọ. Ó ń dún kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, bí ẹni ń jẹ eegun. Mo rí i tó ń tẹ̀ níwájú ojú mi, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí àárín rẹ̀ kọjá, ó bo ọrùn ẹsẹ̀ ọkọ mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn láyé wà lórí kọnkéré tí mi ò mọ inú rẹ̀. Tó bá já, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Mi ò tiẹ̀ mọ omi wẹ̀.

Ní àárín gan-an, ọkọ mi dúró.

Mo pariwo orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Kò mira. Orí ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Bíìmù ń dún. Lẹ́yìn náà ó gbọn orí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì, títí ó fi dé òdìkejì. Mo rí bíìmù náà tó gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀ bó ṣe kúrò lórí rẹ̀, omi sì ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Mo fi ọwọ́ àti eékún rá kọjá tẹ̀ lé wọn.

Ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí a kò mọ̀ rí ló gbé wa dé ọsibítù ní Kétu. Wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ oògùn sí ìyá mi nímú, wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́, a sì jókòó sórí àga onípákó ní kọ́rídọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó rin gbindin. Mo bi ọkọ mi ìdí tó fi dúró.

Ó ní, "Màámi ní kí n tú ìró náà. Wọ́n ní kí n sọ àwọn sómi, kí n padà sọ́dọ̀ ìyàwó mi."

Mo sunkún débi pé nọ́ọ̀sì wá wò ó bóyá aláìsàn mi ti kú.

Ìyá mi ò kú. Nígbà tí èémí wọn balẹ̀, mo fi ọkọ mi tì wọ́n, mo padà sí etí kánáàlì, torí ohun kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun tí mo bẹ̀rù gan-an ni mo bá. Àwọn èèyàn ti ń gba orí bíìmù náà. Ebi ti pa wọ́n nínú omi, wọ́n sì ti rí wa tí a kọjá. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo dí ojú ọ̀nà.

"Ẹ má gùn ún mọ́, ẹ jọ̀ọ́! Ó ti fẹ́ lọ!"

Obìnrin tó ń ta ògì ládùúgbò wa, tó ń padà sílé pẹ̀lú oúnjẹ, dúró níwájú mi, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní, "Ṣé ìyá tìẹ nìkan ló ní ẹ̀mí?"

Mo yà fún un. Ó kọjá, èmi sì tẹ́tí sí bíìmù títí ó fi dé òdìkejì.

Ọ̀gá mi dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ títí dé ibi tí omi jẹ́ kí wọ́n rí. Wọ́n ní ká ta okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún dídìmú, kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, láìgbẹ́rù. Alága gba iṣẹ́ ìdúró síbẹ̀. Wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n dúró nínú òjò pẹ̀lú igi lọ́wọ́, wọ́n ń dá àwọn èèyàn dúró, títí omi fi fà. Bíìmù náà túbọ̀ ń tẹ̀ sí i. Kò já.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ilé iṣẹ́ wa wá fi ṣéènì fà á wálẹ̀, wọ́n fọ́ ọ. Irin ọ̀pá wà nínú rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń wò, mo lọ fi ọwọ́ kan irin náà.

Ọjọ́ náà ni ìyàwó bíríkìlà wá bá mi nílé. Ọkọ rẹ̀ ti ń fi igi rìn, wọ́n ní itan náà ò ní tọ́ mọ́. Mo gbé àga fún un, kò jókòó.

Ó ní, "Ìbéèrè kan ni mo ní. Tó bá jẹ́ pé apá ọ̀tún ló gbà lọ́jọ́ yẹn, ṣé ì bá gbọ́ nǹkan?"

Ó wù mí kí n sọ pé n kò mọ̀. "Á gbọ́," ni mo sọ. "Á dún, á tẹ̀. Bóyá á rí àyè sá."

Ó mi orí lọ́pọ̀ ìgbà. "Kò sì sẹ́ni tó mọ èwo ni èwo."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, Aunty."

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, ó ní, "Ó ṣeun," ó sì lọ.

A kúrò ní Ajégúnlẹ̀ kí òjò tó tún dé. Ìyá mi lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Anthony, wọ́n sì lo ọdún díẹ̀ sí i láyé. Èmi àti ọkọ mi gba yàrá kan ní Kétu, níbi tí a ti sá fún owó ilé tẹ́lẹ̀ náà. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi ò gbà mọ́ kí a da kọnkéré bo wáyà láìsí irin ọ̀pá pẹ̀lú rẹ̀, ì báà jẹ́ bíìmù tó kéré jù. Ilé wa wà níbẹ̀ síbẹ̀ láìrẹ́. Àwọn apẹja kan ló ń gbé inú rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ kẹ́yìn. Mi ò tíì padà lọ wò ó.